Òróró Lórí Kọ̀ǹpútà Sìsítà Rónkẹ́

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ ní Johannesburg níbí, ohun tuntun kì í wọlé ẹnikẹ́ni kí a má gbàdúrà sí i. Wọ́n á gbàdúrà sí mọ́tò, wọ́n á gbàdúrà sí fìríìjì, mo sì ti wà níbi tí wọ́n ti ya ẹ̀rọ ìfọṣọ sí mímọ́. Nítorí náà, nígbà tí Sìsítà Rónkẹ́ ní òun ti bẹ Bàbá Wòlíì pé kí wọ́n wá gbàdúrà sí kọ̀ǹpútà tí mo tò fún òun, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo tilẹ̀ wọ aṣọ tó dáa lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ yà sí mímọ́, ta ni kò ní múra?

Ọ̀sán Sátidé ni. Àwa mẹ́ta péré la wà nínú yàrá Sìsítà Rónkẹ́ ní Joubert Park, ní àjà kẹfà. Wọ́n ti mú iná láti nǹkan bí aago méjìlá, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè ti dúró, Bàbá Wòlíì sì ti fi ẹsẹ̀ gun gbogbo àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. A jẹ́ kí wọ́n mí dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lórí rẹ̀ níbi tí ooru ń gbà jáde. Àdúrà náà gbóná, mo dijú. Nígbà tí mo la ojú kan díẹ̀, mo rí ìgò òróró lọ́wọ́ Bàbá Wòlíì, ó ti dorí kodò, òróró sì ń ṣàn wọ inú àwọn ihò yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, kí lẹ máa ṣe? Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó dijú, tó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ṣé ẹ máa já ìgò gbà lọ́wọ́ wọn ni? Mo la ẹnu. Ohun tó jáde nígbẹ̀yìn ni "Àmín."

Bí a ṣe ṣe àmín tán ni iná dé. Iná ìlú yìí kì í yọ́ wọlé, fífò ló máa ń fò wọlé, wáyà kọ̀ǹpútà náà sì wà lára ògiri. A gbọ́ "pà!" Èéfín díẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, òórùn nǹkan tó jóná sì gba gbogbo yàrá. Bàbá Wòlíì wo ìgò ọwọ́ wọn, èmi náà wo ìgò yẹn, Sìsítà Rónkẹ́ rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Bàbá Wòlíì sọ. "Òróró mi ló ba nǹkan ọmọ yìí jẹ́."

Èmi Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n máa ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi, mo dákẹ́. Kí n má purọ́ fún yín, ara tù mí díẹ̀. Bó bá jẹ́ òróró ló jẹ̀bi, a jẹ́ pé èmi kọ́.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń to kọ̀ǹpútà ní Doornfontein, lókè ilé kan tí àwọn alátúntà kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yunifásítì ò jìnnà síbẹ̀, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oníbàárà mi jù. Bí ẹni tuntun bá wọlé, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ẹ̀njiníà dà. Màá ní ẹ̀njiníà ti jáde, kó jókòó. Màá tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ lójú rẹ̀, màá tún un ṣe, màá tò ó padà, màá wá sọ fún un pé ẹ̀njiníà ti dé. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á ṣì máa wo ẹnu ọ̀nà.

Bọ̀dá Múfú ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ kí n tó dé ìlú yìí, wọn kì í sì í pariwo. Mo rò pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí à ń pè ní prọ́sẹ́sọ̀, ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n dijú, kí n na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n gbé àpótí irin kan lé ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gbé òmíràn lé ọwọ́ òsì, wọ́n ní èwo ló wúwo. Mo ní ti ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní ìyẹn ni kí n máa rà títí ayé mi, kí n lọ jẹun.

Páwà páàkì ni àwọn àpótí méjèèjì. Òun ló ń gba iná ògiri, tó ń fọ́ ọ sí kéékèèké, tó sì ń pín in fún gbogbo ẹ̀yà yòókù. Èyí tó dáa máa ń wúwo, nítorí bàbà àti irin tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí kò dáa máa ń fúyẹ́, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sí ara rẹ̀. Bọ̀dá Múfú ní ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ ra páwà páàkì ṣáájú ohun gbogbo, kó wá fi èyí tó kù nínú owó rẹ̀ wá àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lódì. Wọ́n á ná owó sórí ohun tí ojú ń rí, wọ́n á wá fi ṣẹ́ńjì ra ohun tó yẹ kó dáàbò bò ó.

Ẹ̀kọ́ yìí yé mi kíákíá. Bàbá bàbá mi ta aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àtàńpàkò àti ìka kan ni wọ́n fi ń mọ òwú tó dáa, wọn kì í wo àwọ̀. Mo máa ń fi yangàn fún Bọ̀dá Múfú pé iṣẹ́ ìdílé wa ni kí ọwọ́ mọ nǹkan. Wọ́n á ní ó dáa, kí n ṣáà máa gbọ́ràn sí ọwọ́ náà lẹ́nu.

Nígbà tí Sìsítà Rónkẹ́ wá bá mi, Bọ̀dá Múfú ti lọ sí Ìbàdàn fún oṣù méjì, èmi nìkan ni mò ń ṣàkóso ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ irun dídì ni Sìsítà Rónkẹ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀bá títì, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, ìdúró náà sì ti ba orúnkún wọn jẹ́. Dókítà ti ní bí wọ́n bá ń dúró bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá ni wọ́n máa fi rìn. Wọ́n fi alẹ́ ọdún kan kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ìpolówó, ọwọ́ wọn sì dán. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Randburg wá sọ pé àwọn lè máa gbé iṣẹ́ fún wọn láti máa ṣe nílé, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ kan hàn àwọn ná: àwòrán ara páálí ọṣẹ, mẹ́fà, kó dé ọwọ́ àwọn ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá kọjá, wọ́n á pe ẹlòmíràn.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀," ni wọ́n sọ fún mi, "jíjókòó ṣiṣẹ́ ni mò ń wá. Ẹ bá mi fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi ṣe é."

A jọ lọ sí ọjà. Kí n yin ara mi, mo yan nǹkan lọ́jọ́ yẹn. Mo wá prọ́sẹ́sọ̀ tó lè gbé àwòrán fúnra rẹ̀, kí a má baà ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀, torí káàdì yẹn nìkan lè gbé owó èèyàn mì. Ráàmù ni tábìlì tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ sí bó bá ń ṣe é lọ́wọ́. Mo ra kéékèèké méjì dípò ńlá kan, nítorí ẹnu ọ̀nà méjì ń kó ẹrù wọlé yá ju ẹyọ kan lọ. Mo ra díìsì tuntun, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, torí èyí tí ẹnìkan ti lò kò ṣe é fọkàn tán, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀, ìyẹn ojú tí a ń wò, àlòkù ọ́fíìsì ni mo rà, ó sì mọ́ gaara. Mọ́dábọ́ọ̀dù, tí gbogbo wọn ń jókòó lé lórí, mo yan èyí tí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Àpótí tó máa gba gbogbo wọn ló kù, pẹ̀lú páwà páàkì. Sìsítà Rónkẹ́ rí àpótí kan tó ní gíláàsì, tí iná aláwọ̀ búlúù àti pupa ń tàn nínú rẹ̀. Ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Bàbá Wòlíì ń bọ̀ wá gbàdúrà sí i, ó yẹ kó rí bí ohun tuntun. Ẹ̀yin ará, ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ojú tèmi náà ti wọ̀ ọ́. Mo ti ń rò ó bí wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé Bọ́sẹ̀ ló to èyí, Bọ̀dá Múfú ò tiẹ̀ sí nílé. A ra àpótí oníná. Páwà páàkì tí owó tó kù ká ni mo gbé, mo mú un lọ́wọ́, ó fúyẹ́. Mo tún un gbé, ó ṣì fúyẹ́. Mo ní kí wọ́n dì í fún wa.

Báyìí, ẹ padà sí ọjọ́ Sátidé yẹn. Mo gbé kọ̀ǹpútà tó jóná sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà ti rí mi láàárọ̀ nígbà tí mo ń gbé e gòkè pẹ̀lú ìyangàn. Ó wo èmi àti ẹrù mi, ó ní, "Eish, mama," bí ará ibí ṣe máa ń káàánú èèyàn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, mo tú u ní ṣọ́ọ̀bù. Òróró wà lórí fáànù, ó wà lára irin tó ń tu prọ́sẹ́sọ̀ lára, díẹ̀ sì ti kán sí igun mọ́dábọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n òróró ólífì kì í gbé iná, yóò kàn dọ̀tí nǹkan ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú yàrá tirẹ̀ tí wọ́n fi irin bò, ni páwà páàkì wà, ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo kò débẹ̀. Mo ṣí i. Inú rẹ̀ ti dúdú. Ibi tó yẹ kí àwọn nǹkan tó ń dènà iná òjijì wà, ihò lásán ni, wọn ò tiẹ̀ fi wọ́n síbẹ̀ rí. Bí iná ṣe fò wọlé, ó kọjá lára rẹ̀ lọ pa mọ́dábọ́ọ̀dù. Bàbá Wòlíì ì báà da òróró wọn nù sínú gọ́tà lọ́jọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà náà ì bá ṣì jó.

Mo bo àpótí náà padà, mo lọ sílé. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Wòlíì pè mí lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ò lè sùn, àwọn ti ń bá àwọn àgbà ìjọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè bá àwọn ra òmíràn. Wọ́n ní kí n má bínú. Kí n má bínú, èmi! Mo ní "Ẹ má dààmú, sà," mo sì gbé fóònù kalẹ̀. Mo lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ìjọ á san án, Sìsítà Rónkẹ́ á rí kọ̀ǹpútà, orúkọ mi á mọ́. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ló máa gbé e kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni mo pe Bọ̀dá Múfú ní Ìbàdàn. Mo rò ó fún wọn láti orí òróró, mo rò ó gan-an, mo jẹ́ kí òróró pọ̀ nínú ìtàn náà. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Lọ́jọ́ tí o ra páwà páàkì yẹn, kí ni ọwọ́ rẹ sọ?"

"Ó ní ó fúyẹ́, sà."

"Ta lo wá gbọ́ràn sí lẹ́nu?"

"Ojú mi, sà."

"Ó dáa," ni wọ́n sọ. "Kọ̀ǹpútà èmi àti ìwọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, tú u. Lo ohun tí o bá fẹ́ lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ bá àwọn èèyàn yẹn ná."

Mo wọ táàsì lọ sí Joubert Park lọ́gán. Bàbá Wòlíì ni mo bá lórí àga, wọ́n tún ti wá bẹ Sìsítà Rónkẹ́, pẹ̀lú èso nínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀ kí n tó kí wọn tán. Mo ní, "Bàbá, mo ti tú u láti ọjọ́ Sọ́ńdè, òróró yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ra ohun tí mo mọ̀ pé kò dáa, torí kí kọ̀ǹpútà lè dùn ún wò."

Bàbá Wòlíì bọ́ fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Sìsítà Rónkẹ́ ló sọ̀rọ̀, wọn kò sì gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ Sọ́ńdè. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí Bàbá máa gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́fà wá bẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, nítorí òótọ́ ni. Mo ṣáà sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà máa wà lórí tábìlì wọn ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, bí mi ò bá tiẹ̀ sùn.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní ọjọ́ méjì yẹn, òun ni mo fi ń yangàn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti tò láyé mi. Prọ́sẹ́sọ̀ yè é, ráàmù méjèèjì yè é, díìsì náà yè é. Mo fi òwú nu òróró kúrò lára wọn bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mọ́dábọ́ọ̀dù tó bá prọ́sẹ́sọ̀ yẹn mu, ṣọ́ọ̀bù márùn-ún ni mo rìn kí n tó rí i, àlòkù ni, mo sì jókòó tì í fún odidi wákàtí mẹ́ta pé kí n mọ̀ bóyá ó máa ṣe ségesège. Mo tú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa, mo yọ páwà páàkì inú rẹ̀, èyí tí Bọ̀dá Múfú fi ọwọ́ ara wọn yàn. Mo dijú, mo gbé e. Ó wúwo. Àpótí oníná ti ń rùn èéfín, nítorí náà mo to gbogbo rẹ̀ sínú àpótí dúdú kan tó wá láti ọ́fíìsì tí wọ́n palẹ̀ mọ́, tó tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣẹ́ agbára iná òjijì kún un. Kò sí ẹni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ mo gbé e dé, Bàbá Wòlíì sì tún ti wà níbẹ̀. Wọ́n mú ìgò òróró jáde, wọ́n wo orí àpótí náà, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀njiníà," ni wọ́n wí, "ibo ni kí n fi òróró sí?"

Ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi iṣẹ́ hàn án. Mo ní kí wọ́n fi sí ọwọ́ ẹni tó máa lò ó. Sìsítà Rónkẹ́ na ọwọ́, wọ́n fi sí i. Wọ́n wá ní kí èmi náà na tèmi. Mo ní ọwọ́ mi kò yẹ fún un. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi fẹ́ fi sí i nìyẹn.

Sìsítà Rónkẹ́ jókòó sídìí iṣẹ́ wọn, èmi sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo kọ̀ mi ò lọ. Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Mo ti kọ́ wọn láti máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà wọn kò pàdánù púpọ̀. Mo lè ní kí wọ́n yọ wáyà kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀, Sìsítà Rónkẹ́ náà sì fẹ́ mọ̀. A fi í síbẹ̀, a ń dúró. Mo gbé ọwọ́ lé orí àpótí dúdú yẹn. Nígbà tó pé wákàtí méjì, iná fò wọlé bó ṣe máa ń ṣe, fìríìjì wọn ta pọ́ún, gílóòbù àjà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà kò sọ nǹkan kan. Sìsítà Rónkẹ́ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ gaara, àwòrán ọṣẹ kẹta wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í pamọ́.

"Ó ti dé," ni wọ́n sọ, wọ́n sì fa mọ́nítọ̀ náà mọ́ra díẹ̀, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé Randburg ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Títí di òní olónìí, ilé ìtẹ̀wé yẹn ló ń gbé iṣẹ́ fún wọn, orúnkún wọn sì ti sàn débi pé wọ́n ń jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àpótí dúdú yẹn ṣì wà lórí tábìlì wọn, wọ́n ti fi àwòrán òdòdó tí wọ́n yà fún páálí ọṣẹ àkọ́kọ́ bo ibi tó tẹ̀.

Bọ̀dá Múfú ti fẹ̀yìn tì báyìí, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Páwà páàkì tó jóná wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi. Bí oníbàárà bá wọlé, tó ní òun fẹ́ kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ṣùgbọ́n kí ó ní gíláàsì àti iná, mi kì í bá a jà mọ́. Mo máa ń ní kó dijú, kó na ọwọ́ méjèèjì. Màá gbé èyí tó jóná lé ọwọ́ kan, màá gbé èyí tó dáa lé èkejì, màá bi í pé èwo ló máa jẹ́ kó ṣọ́ ohun ìní rẹ̀.

Bàbá Wòlíì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ra kọ̀ǹpútà fún ìjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kọ́kọ́ dé jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó ń bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n mọ ìgbà tí ẹ̀njiníà máa dé. Bàbá Wòlíì rìn wá síwájú mi, wọ́n dijú, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì.